Ìyá Arúgbó Tí Kì Í Gba Ìkúnlẹ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo pàdé ìyá arúgbó náà, mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì lé mi jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀.

N kò ṣe àṣehàn. Ọmọ Bẹ́yẹrúnká ni mí, n'Ìbàdàn. Nínú agbo ilé wa, ọmọbìnrin tó bá jí láàárọ̀ tí kò kúnlẹ̀ kí ìyá bàbá rẹ̀, ìbáwí ni yóò fi mu ẹ̀kọ. Orúnkún mi ti mọ iṣẹ́ yẹn kí ẹnu mi tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ tó gbà mí láti máa tọ́jú arúgbó wá rán mi lọ sílé àwọn arúgbó kan ní Den Haag, nílẹ̀ Họ́láńdì, tí mo ṣílẹ̀kùn tí mo rí obìnrin kan tó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún lórí àga, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Obìnrin náà di apá àga mú. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Dìde," ló wí. N ò tíì gbọ́ èdè wọn dáadáa nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí tí kò ní yé. "Kò sẹ́ni tó ń tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni nínú ilé tèmi. Jáde."

Mo jáde. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń rùn bí ọṣẹ àti kọfí, mo gbà pé iṣẹ́ ti bọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá bá mi níbẹ̀. Anneke lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó dárúkọ ara rẹ̀, Àníkẹ́ ni mo gbọ́, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, torí Àníkẹ́ lorúkọ àbúrò ìyá mi tó wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì. Àníkẹ́ náà ni mo ń pè é títí di òní, kò sì bá mi jà sí i.

"Má bínú," ló ní lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Kì í ṣe ìwọ ló ń bá wí."

Ó ní Jáfà, erékùṣù kan lọ́nà jíjìn réré ní Éṣíà, ni wọ́n bí ìyá òun Tírúúsì sí, nígbà tí àwọn Họ́láńdì ṣì ń jọba níbẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn sọ́jà Jàpáàn gba ilẹ̀ náà. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin Họ́láńdì lọ síbi ọ̀tọ̀, wọ́n kó àwọn obìnrin àtàwọn ọmọ wọn sínú àgọ́, wọ́n sì tì wọ́n mọ́bẹ̀ títí ogun fi parí. Láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n á tò wọ́n, wọ́n á kà wọ́n, gbogbo wọn á sì tẹrí ba fún sọ́jà. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, ó gba ẹgba. "Wọ́n lu ìyá ìyá mi níṣojú rẹ̀," Àníkẹ́ ní. "Nítorí náà, má kúnlẹ̀, má tẹrí ba. Má sì da oúnjẹ nù níṣojú rẹ̀, ì báà jẹ́ èèpo búrẹ́dì."

"Báwo ni kí n wá ṣe máa kí i?"

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. "Bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Bọ́rọ̀ ṣe di pé mo ń bọ arúgbó lọ́wọ́ ní ìdúró nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan láti Bẹ́yẹrúnká ń wò mí.

Ó rẹ̀ mí nílẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá ní kí n fi gbólóhùn kan sọ ọdún mẹ́rin, òun nìyẹn. Iṣẹ́ ń rẹni, lóòótọ́: gbígbé arúgbó dìde, wíwẹ̀ wọ́n, fífa ìbọ̀sẹ̀ tó le bíi rọ́bà ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ tó ti wú, kí n tó lọ sí ilé kejì lọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ iṣẹ́, bí èèyàn bá sùn, á lọ. Èyí tó rẹ̀ mí tí oorun ò lè wò sàn ni àìsí ìkíni. Láti ìsọ̀ ìyá mi ní Ọjà'ba, níbi tó ti ń ta abẹ́rẹ́ àti òwú, dé ẹsẹ̀ òkè Mápó, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n kí o tó rìn ín tán, ẹnu á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó ọ: ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ewu ọmọ, ṣé bàbá ti gbádùn? Ní Den Haag, mo lè wọ tíráàmù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìsí ohùn tó bá mi sọ̀rọ̀ àyàfi ti ẹ̀rọ tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀. Nígbà òtútù, oòrùn á ti wọ̀ kí wọ́n tó pèrun aṣálẹ́ nílé, kì í sì í sọ fẹ́nikẹ́ni pé òun ń lọ.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń fóònù sílé. Ìyá mi ló máa ń kọ́kọ́ gbé e, nínú ìsọ̀, àwọn ọlọ́kadà á máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Irọ́ lo ń pa. Ohùn ẹ ti gbẹ."

Lẹ́yìn náà, á gbé fóònù fún Rọ́fíátù, ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mo lọ. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó sì ti kó lọ sí Ìwó, ìyá mi ló ń tọ́ ọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọ náà á sọ̀rọ̀ títí fóònù á fi kú. Lọ́dún kejì, ọ̀rọ̀ ti dín kù.

"Rọ́fí, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, mà."

"Kí lẹ kọ́ nílé kéwú?"

"A kọ́ kéwú."

Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń ké sí ìyá mi kó wá gba fóònù. "Màámi," ló pè é. Èmi, ó ní, "Mọ́mì Òyìnbó ló ń pè." N kò bá a wí. Orúkọ wo ni mo fẹ́ kó pè mí?

Màmá Tírúúsì gbà mí díẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kẹta, ó ní kí wọ́n má rán ẹlòmíì sí òun mọ́, pé èmi ni ọwọ́ mi kì í ṣe wàdùwàdù. Ìṣẹ́gun kékeré nìyẹn, mo sì yọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méjì. Ibi tí mo bá ti ń wẹ̀ ẹ́ ló ti máa ń sọ ìtàn àgọ́, ó ní omi gbígbóná ló ń ṣí òun lẹ́nu. Kò sọ ọ́ tẹ̀léra. Lónìí, á sọ ti ọgbà tí wọ́n fi ọparun àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, tí kò sẹ́ni tó lè rí ìta. Lọ́jọ́ mìíràn, á sọ bí wọ́n ṣe kó ìdílé mẹ́wàá sínú ilé ẹyọ kan, tí àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju ẹní rẹ̀ lọ. Ó ṣì lè fi èdè Jàpáàn ka ení dé ẹ̀wá, kò sì dùn mọ́ ọn pé òun lè ṣe é. Ó ní bí ebi bá ń pa àwọn ìyá wọn, ńṣe ni wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀: bọ́tà báyìí, ṣúgà báyìí. Àwọn méjì jà lọ́jọ́ kan nítorí iye ẹyin tó yẹ kó wọ inú kéèkì kan. Kò sẹ́yin. Kò sì sí kéèkì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbàgbé oúnjẹ mi sílé, gàrí tó wà nínú báàgì mi nìkan ni mo ní. Mo bu omi sí i nínú ife ní ilé ìdáná rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Gàrí ni, mà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é." Mo fi àwòrán ẹ̀gẹ́ hàn án lórí fóònù.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí. "Òun ni wọ́n ń fún wa," ló ní. "Sítáàṣì rẹ̀. Ó máa ń fà bíi lẹ́ẹ̀. Mú ṣíbí wá."

Mo ní kó má jẹ ẹ́ bí kò bá fẹ́.  Ó bu ṣíbí kan, ó tọ́ ọ wò.

"Ó kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, gàrí Ìjẹ̀bú ni."

"Ó dára bó ṣe kan. Tiwa ò kan, kò dùn, kò korò. Bí ìgbà téèyàn ń jẹ afẹ́fẹ́ ni."

Ó jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó fi àwo bo ìyókù, ó gbé e sójú fèrèsé. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, gàrí náà ti wú kún ẹnu ife. Mo na ọwọ́ sí i láti dà á nù, mo rántí, mo fà á padà. Ó jẹ ẹ́ tán níṣojú mi.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi lọ́jọ́ Sunday. Ẹnu yà á. Láyé tiwa, òyìnbó là ń gbọ́ pé ó ti èèyàn mọ́lé, a kì í gbọ́ pé wọ́n ti òun náà mọ́lé.

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀?" ló bi mí. "Bi í fún mi."

N kò fẹ́ bi í. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lẹ́nu, mo sì bi í níkẹyìn, mo ní ìyá mi ló ní kí n bi yín.

Màmá Tírúúsì ń wo omi ìwẹ̀. "Bàbá mi ń ṣe ọ̀gá lóko ìrèké," ló ní.

"Ta ló ni oko náà?"

"Kì í ṣe àwa." Ó ní obìnrin ará ibẹ̀ kan wà tó tọ́ òun dàgbà, Sárì. Ẹ̀yìn Sárì ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn. Nígbà tí wọ́n tì wọ́n mọ́ àgọ́, Sárì a máa wá sídìí ọgbà, a máa ti ẹyin gba abẹ́ ọparun sí wọn, bẹ́ẹ̀ ebi ń pa àwọn ará rẹ̀ náà níta. Wọ́n mú un lọ́jọ́ kan, wọn kò sì rí i mọ́. "Mi ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀," Màmá Tírúúsì ní. "Mi ò mọ abúlé rẹ̀. Mo rántí orúkọ ajá wa. Sọ fún ìyá rẹ pé ìbéèrè rẹ̀ dáa. Kò sẹ́ni tó bi mí rí níbí."

Mo ti rò pé ọmọ onílẹ̀ ni, pé èmi nìkan ni àjèjì nínú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí ogun parí tí ọkọ̀ òkun kó wọn dé Họ́láńdì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tóun máa tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilé òun. Òtútù mú un, kò mọ ẹnì kankan. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ nípa àgọ́, àwọn ẹbí á ní: ẹ̀yin tiẹ̀ rí oòrùn, àwa níbí, ebi ogun pa wá débi pé gbòǹgbò òdòdó la jẹ. Ni ìyá rẹ̀ bá pa ẹnu mọ́. Òun náà pa ẹnu mọ́ títí ó fi bí Àníkẹ́, títí Àníkẹ́ fi hewú.

Mo lóye rẹ̀. Èmi náà, ta ni mo lè sọ fún nílé pé ó rẹ̀ mí? Wọ́n á ní: o tiẹ̀ wà l'Ókè Òkun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ̀rọ̀ Pítà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Pítà nígbà tí àwọn sọ́jà ní ó ti di ọkùnrin, kò gbọdọ̀ bá obìnrin gbé mọ́, kó lọ sí àgọ́ àwọn ọkùnrin. Lẹ́nu géètì, ìyá wọn di aṣọ rẹ̀ fún un. Ó sọ fún un pé ọjọ́ mélòó kan ni, pé òun ń bọ̀ wá mú un. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Pítà lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Bàbá wọn ò tilẹ̀ padà mọ́. Nígbà tí wọ́n rí Pítà lẹ́yìn ogun, ó ti ga, ó ti gbẹ. Ìyá rẹ̀ sáré sí i. Pítà dúró gbọnrangandan, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, màdáámù."

"Ṣé kò dá a mọ̀ ni?"

"Ó dá a mọ̀." Ó ní kí n bu omi sí òun lẹ́yìn. "Gbogbo Sunday ló ń wá kí i nígbà tó dàgbà. Ó ń bá a kun ilé, ó ń bá a tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ìyá mi á jókòó, á máa wò ó. Àwọn méjèèjì ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ ẹnu géètì yẹn rí, títí ìyá mi fi kú." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ fún tìrẹ nígbà tí ò ń lọ?"

Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Kò tíì sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún, ìyá mi nìkan ló mọ̀.

"Mi ò sọ nǹkan kan," mo ní. "Ó wà nílé kéwú. Mo lọ kó tó dé."

Kò bá mi wí, kò sì tù mí nínú. Ó kàn mú aṣọ ìnura lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí kì í sábà ṣe.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ìyá mi gbé fóònù. Mo ní kó gbé e fún Rọ́fí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá mi padà sórí ẹ̀rọ.

"Ó wà níbí," ló ní. Ìyá mi kì í purọ́ fún mi. "Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò sí nílé."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló bi mí bóyá orí mi pé. Èmi náà bi ara mi. Yàrá ìyá mi tí ògiri rẹ̀ ti wó kí n tó lọ, a ti tún un kọ́, a sì ti kàn án lórùlé, èyí tí mo torí ẹ̀ lọ nìyẹn. Ìyókù tí mo dúró ṣe, n ò mọ ohun tí mo fi ń ṣe.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí Màmá Tírúúsì kẹ́yìn, mo ti wọ kóòtù, mo ti ń wá ọ̀nà láti tètè jáde. Ó rí mi. "Bọ́ kóòtù yẹn," ló ní. "Jókòó. Dágbére fún mi dáadáa." Mo jókòó. A mu kọfí. A ò rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ, ṣùgbọ́n a jókòó títí kọfí fi tutù. Mo dìde, mo sọ fún un pé mò ń lọ, pé ó ṣeé ṣe ká má ríra mọ́. Ó ní òun mọ̀. A bọ ara wa lọ́wọ́.

Mo ti lé ní oṣù mẹ́fà nílé báyìí. Ilé náà kò gbà mí wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Oòrùn ń mú mi. Àwọn kan ní wọ́n lé mi ni, wọ́n ní ta ló ń ti Ìlú Òyìnbó bọ̀ wálé wá jókòó ti òwú l'Ọ́jà'ba? Mò ń jókòó tì í síbẹ̀, ìyá mi ti ń darúgbó, ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Sunday, èmi ni mò ń fóònù sí Den Haag. Màmá Tírúúsì ní olùtọ́jú tuntun tí wọ́n rán sí òun ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún òun bí ẹni ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Rọ́fí ni mo wálé torí ẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá. Ó ń hùwà dáadáa sí mi, ìyẹn gan-an lohun tó ń dùn mí. Bí mo bá béèrè omi, ife àlejò ló fi ń bù ú wá. Bí mo bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á dáhùn, á sì dúró bóyá mo tún ní òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mo tún pa á dé.

Lọ́jọ́ Saturday tó kọjá, ọwọ́ ń ro ìyá mi, kò lè di irun fún un. Mo ní kó wá, kí n dì í. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi lórí ẹní, ara rẹ̀ le gan-an.

"Ẹ ń fà mí lórí, mà."

"Pẹ̀lẹ́."

"Màámi kì í fà mí lórí." Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀. "Ìlà yìí wọ́."

Mo tú u. Mo tún ìlà náà yà. Ibi tí mo ti ń yà á lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ní láti tẹ̀ síwájú.

"Kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí?"

Ọwọ́ mi dúró.

"Èmi ni mo ṣe ipò kìíní lọ́jọ́ yẹn," ló ní. "Alfa ní kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sáré bọ̀ láti wá sọ fún yín. Màámi ní ẹ lọ sí Bẹẹrẹ, pé ẹ ń bọ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Mo lè sọ pé ọkọ̀ ló ń kánjú. Mo ti pèsè ìyẹn sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

"Ẹ̀rù ló bà mí," mo ní. "Mo mọ̀ pé bí o bá sunkún, mi ò ní lè lọ mọ́. Mo sì fẹ́ lọ."

Mo ń wo ìpàkọ́ rẹ̀, mi ò rí ojú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ẹ ò bá ti jẹ́ kí n sunkún," ló ní.

Ó sunkún níbẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ mi, pẹ̀lú irun rẹ̀ tó dì dé ìdajì. Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi yọjú láti yàrá, tó wò wá, tó sì padà sẹ́yìn. N kò sọ fún un pé kó dákẹ́.